Ohun Tí Bàbá Linlin Gbé Mì

17 Oṣù Kọkànlá

Dókítà Xing ló ní kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́: ohun tó jẹ, bó ṣe pọ̀ tó, iye ìgbà tó húkọ́, bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó. Ó ní kí n má wulẹ̀ kọ ìtàn sí i. Ìwé yìí nípọn ju ìyẹn lọ, èmi ni mo sì rà á, nítorí náà ohun tó bá wù mí ni màá kọ.

Ohun tí Bàbá Linlin, ọkọ mi, fi ẹnu jẹ lónìí: òfo. Ohun tí mo gba rọ́bà imú rọ sí i nínú: ife márùn-ún. Ikọ́: ẹ̀ẹ̀mẹta. Itọ́ ẹnu ara rẹ̀ ló ta á lórí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pé lónìí tí rọpárọsẹ̀ dá a dùbúlẹ̀ ní ibùdókọ̀, níbi tó ti ń gbá inú bọ́ọ̀sì rẹ̀. Mo ṣì ń dúpẹ́ pé kì í ṣe orí títì ló ti bá a, pẹ̀lú èrò lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ti ń gbé díẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún kàn ń wò wá ni. Ọ̀fun ló burú jù. Dókítà àgbà kò fi bò fún wa: tó bá fi máa di ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní tí kò tíì lè fi ẹnu jẹun yó, wọ́n á lu ihò sí i níkùn, ibẹ̀ ni oúnjẹ á sì máa gbà wọlé. Ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Ó kọjú sí ògiri.

19 Oṣù Kọkànlá

Dókítà Xing fi òwú tó tutù bíi yìnyín kan án ní ọ̀fun, kí ọ̀fun lè jí. Bàbá Linlin gé òwú náà jẹ.

23 Oṣù Kọkànlá

Ọdún yìí nìkan ni a kò rẹ kábéèjì sínú ìkòkò fún ìgbà òtútù. Màmá, ìyá ọkọ mi, ń sọ ọ́ káàkiri bí ẹni pé ẹnìkan kú nínú ilé.

Mo lọ ìrẹsì, kárọ́ọ̀tì àti ẹran pọ̀, mo gbé ṣíbí síwájú ẹnu Bàbá Linlin. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń lọ́ mọ́ra wọn, ṣùgbọ́n eléyìí yé mi yékéyéké.

"Ìyá Linlin, èyí kì í ṣe oúnjẹ. Èébì ni."

Mo tọ́ ọ wò. Kò parọ́.

Màmá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń mi orí. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni wọ́n, ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún wọn nìyí. "Fenglian, ọbẹ̀ omi ni wọ́n ń fún aláìsàn. Láti ayébáyé ni."

"Màmá, dókítà ní omi gan-an ló léwu jù fún wọn."

"Dókítà wo? Ọmọdébìnrin yẹn tí kò tíì lọ́kọ?"

Mo gbé abọ́ kúrò. Rọ́bà: ife márùn-ún. Ẹnu: òfo.

26 Oṣù Kọkànlá

Yìnyín bọ́ látàárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Òtútù dé méjìdínlógún sísàlẹ̀ òdo. Nígbà tí mo ń ti Bàbá Linlin lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn bọ̀ láti ọsibítù, a gba iwájú ibùdókọ̀ kọjá. Lójijì, kẹ̀kẹ́ dúró. Mo rò pé yìnyín ló há táyà. Àṣé ẹsẹ̀ òsì ló tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ń wo òdìkejì títì, níbi tí Ẹ̀gbọ́n Bi ti ń ta málàtàng: ẹ̀fọ́, ẹran àti núdù tí oníbàárà á fúnra rẹ̀ ṣà, tí wọ́n á wọ̀n, tí wọ́n á sì sè nínú ọbẹ̀ kan náà. Ọdún mọ́kànlá ló fi jẹ ẹ́ níbẹ̀, ní gbogbo ìgbà tó bá fi bọ́ọ̀sì sílẹ̀.

Mo ní, "Kí la fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

Kò gbé ẹsẹ̀. Mo tì í wọlé.

Ẹ̀gbọ́n Bi ju ìbọ̀wọ́ sílẹ̀ nídìí ìkòkò. "Luan Deshun! Wọ́n ní o ti kú! Mo ti fi abọ́ rẹ bọ́ ológbò."

"Ó kù díẹ̀," ni Bàbá Linlin fi ètè tó wọ́ dáhùn.

"Kí ló wà nímú rẹ yẹn? O ti di erin?"

Ẹni mẹ́ta tó ń jẹun wẹ̀yìn wò. Inú ń bí mi. Ṣùgbọ́n mo rí i pé èjìká Bàbá Linlin ń mì, ẹ̀rín ló ń rín. N kò rí i bẹ́ẹ̀ láti oṣù kẹwàá.

Ó gbé bésìn sórí itan, ó fi ọwọ́ òsì mú ẹ̀mú, mo sì ń tì í lọ níwájú pẹpẹ. Ẹ̀mú bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà tí mo nawọ́ láti bá a mú ewé, ó gbá ọwọ́ mi dànù. Ó mú wàrà sóyà. Ó mú ẹ̀jẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ dídì, ẹja lílọ̀ róbótó mẹ́rin, ẹyin àparò, àti núdù ànàmọ́ fífẹ̀ tó fẹ́ràn jù láyé. Òṣùwọ̀n ní irínwó gíráàmù ó lé ọgbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n Bi sè é, ó da yànmọ̀tí lílọ̀ lé e, ó bu ṣúgà àti ọtí kíkan díẹ̀ sí i, ó gbé e sáàárín wa, ó sì lọ.

Èmi ni mo jẹ ẹ́, ojú sì ń tì mí. Ọmọ Leshan ní Gúúsù ni mí. Ní ọ̀dọ̀ wa, ata ni málàtàng, ètè ẹni á kú, imú á máa ṣàn. Ti àwọn ará Àríwá yìí dà bí ẹ̀kọ tí wọ́n da yànmọ̀tí sí. Síbẹ̀ mo ń jẹ ẹ́, ó sì jókòó tì mí, ó ń wo ṣíbí láti abọ́ dé ẹnu mi. Mo wá ṣàkíyèsí ọ̀fun rẹ̀. Ó ń gbé itọ́ mì. Mo kà á: ẹ̀ẹ̀méje. Kò húkọ́ lẹ́ẹ̀kan.

27 Oṣù Kọkànlá

Mo sọ ọ́ fún Dókítà Xing, mo rò pé á bá mi jà. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó ní, "Níbo ni ṣọ́ọ̀bù náà wà? Ṣé wọ́n ní òṣùwọ̀n tó péye?"

Àṣẹ rẹ̀ nìyí. Ohun tí ahọ́n nìkan lè fọ́ ni kó jẹ. Kó má jẹ àkàrà ìrẹsì tó ń lẹ̀, kó má jẹ olú tó gùn bí okùn. Ọbẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣàn. Yànmọ̀tí lílọ̀ dára, nítorí ó ki, ó máa mú oúnjẹ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Tó bá fẹ́ gbé e mì, kó tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà, kó gbé e mì lẹ́ẹ̀mejì, kó wá ní "Áà". Tí ohùn bá dún bí ẹni tí omi wà lọ́fun rẹ̀, kí a dúró. Ọgbọ̀n gíráàmù ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Tó bá lè dé ẹgbẹ̀ta lóòjọ́, fún ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ léra, láìsí ikọ́ láìsí ibà, òun á bá dókítà àgbà sọ̀rọ̀ nípa rọ́bà náà.

Láti ọgbọ̀n dé ẹgbẹ̀ta. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé.

30 Oṣù Kọkànlá

Ẹ̀jẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, ọgbọ̀n gíráàmù. Ẹ̀gbọ́n Bi sè é lọ́tọ̀ nínú omi gbígbóná lásán, ó fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́. Odindi ìṣẹ́jú márùnlélógójì ni Bàbá Linlin fi jẹ ẹ́. Àgbọ̀n mọ́ àyà, ẹ̀ẹ̀mejì, "Áà". Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ wọlé, wọ́n fẹ́ wá kí i, Ẹ̀gbọ́n Bi sì fi ṣíbí ńlá dá wọn dúró.

"Ẹ jẹ́ kó parí! Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù tó bà lé ni lẹ́pọ̀n."

Nǹkan bíi gíráàmù mọ́kànlá ló ṣẹ́ kù nínú abọ́. Mọ́kàndínlógún wọlé. Ikọ́: òfo. Ara: kò gbóná.

4 Oṣù Kejìlá

Ẹ̀bi mi ni tòní, nítorí náà èmi ni màá kọ ọ́.

Mo rò pé wàrà sóyà tí wọ́n dì ní yìnyín ló rọ̀ jù. Mo fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó rọ̀. N kò rò ó pé bó ṣe ní ihò wínniwínni nínú nì, ọbẹ̀ ló mu síkùn. Bó ṣe fi ahọ́n tẹ̀ ẹ́ ni omi tú jáde, tó ta á lórí. Ó húkọ́ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n bí ata. Mo ń gbá a lẹ́yìn, mo ń pariwo, Ẹ̀gbọ́n Bi ló rántí pé kí a tẹ orí rẹ̀ síwájú. Dókítà Xing fetí sí àyà rẹ̀ nígbà tí a débẹ̀, ó ní kò dé inú ẹ̀dọ̀fóró. Kò bá mi wí. Ó kàn ní, "Ẹ má tún fún un ní ohunkóhun tó ń mu omi sínú."

Mo sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, etí mi wà lẹ́yìn rẹ̀.

9 Oṣù Kejìlá

Ó ti dé ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀jẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, wàrà sóyà rírọ̀, ẹyin àparò tí a tẹ̀ pẹ̀lú yànmọ̀tí.

Ọkùnrin kan tó jókòó sí tábìlì kejì gbé abọ́ sókè, ó mu ọbẹ̀ rẹ̀ tán pátápátá, ó nu ẹnu. Mo kọjú sí abọ́ wa, ṣùgbọ́n Bàbá Linlin mọ ohun tó wà nínú mi. Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n wa nìyí tí a ti ń jà nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ní Leshan, tí a bá fẹ́ bú ẹnìkan pé òṣì ta á, a ó ní ó ń mu omi ọbẹ̀ málàtàng. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá kí bàbá mi, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì gbé abọ́ lé ẹnu níwájú gbogbo ẹbí mi. Bàbá mi pè mí sẹ́yìn, wọ́n ní, "Ṣé wọn ò ní omi nílé wọn ni?"

Bàbá Linlin fi àgbọ̀n tọ́ka sí ọkùnrin náà. "Sọ ọ́," ló wí.

"N kò sọ nǹkankan o."

"Sọ ọ́. Ó ń ... ó ń yọ ẹ́ lẹ́nu."

"Ó dáa. Òṣì ló ń ta á!"

Ó rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ wọ́ sápá kan, itọ́ ń ṣàn. Mo nù ún fún un. Ọkùnrin náà bi Ẹ̀gbọ́n Bi bóyá òun ni mò ń bú. Ẹ̀gbọ́n Bi ní, "Má dá a lóhùn, ará Gúúsù ni."

13 Oṣù Kejìlá

Ọgọ́sàn-án. Ìyẹ̀fun tó ń mú omi ki ti wọ́n, yuan méjìdínláàádọ́rin ni agolo kan. Linlin, ọmọ wa, pè láti Guangzhou, ó ní kí bàbá òun bá òun sọ̀rọ̀. Bàbá rẹ̀ ní, "Mò ń jẹ." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, ọmọ náà sì bú sẹ́kún lórí fóònù.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ó ku ọjọ́ márùndínláàádọ́ta.

18 Oṣù Kejìlá

Ara rẹ̀ ń jó bí iná nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Èémí rẹ̀ ń dún bí ìkòkò tó ń hó. Mo pe ọkọ̀ pàjáwìrì. Òtútù àyà ni, wọ́n ní nǹkan ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Mo jókòó sí ìta yàrá, mo ṣí ìwé yìí, mo ń wá ibi tí mo ti ṣe é. Gbogbo gíráàmù ló wà níbẹ̀. Gbogbo "Áà". Ọjọ́ márùn-ún, kò sí ikọ́ kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí fura sí Ẹ̀gbọ́n Bi, pé bóyá kò fọ ṣíbí. Ọlọ́run á forí jì mí.

Mo délé lọ mú aṣọ. Ìpara àti ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ wà ní yàrá Màmá, níbi tí wọ́n ti ń bá a fọ ẹsẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo rí fúláàsì pupa kékeré. Mo ṣí i. Òórùn adìẹ.

"Màmá, kí lèyí?"

Wọn ò purọ́. "Ọbẹ̀ adìẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni. Nígbà tó o bá lọ ra nǹkan. Mo ti sẹ́ ẹ, mo ti yọ gbogbo ọ̀rá rẹ̀ kó lè fúyẹ́. Omi lásán ni, Fenglian, kò sí egungun kan níbẹ̀."

"Ṣé kò húkọ́?"

"Ó húkọ́ díẹ̀. Ó ní kí n má sọ fún ọ. Ó ní ó dùn."

Mo pariwo mọ́ ìyá àgbàlagbà. Mo ní, "Ṣé ẹ fẹ́ pa á ni?" Mo sọ ọ́ tán kí n tó mọ̀ pé mo ti sọ ọ́. Wọ́n jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbé ọwọ́ lé orúnkún. Mo kó aṣọ, mo jáde. Ní ilé tí wọ́n ti tọ́ wọn, bí ọmọ bá ṣàìsàn, adìẹ ni ìyá ń pa. Wọ́n ṣe ohun tí gbogbo ìyá tí wọ́n mọ̀ ń ṣe. Mo mọ ìyẹn, inú sì ń bí mi síbẹ̀.

20 Oṣù Kejìlá

Ara gbígbóná: 38.7. Ẹnu: òfo. Rọ́bà: ife mẹ́rin.

21 Oṣù Kejìlá

Kábéèjì rírẹ bíi tilé wa ni oúnjẹ ọ̀sán àwọn ìdílé aláìsàn nísàlẹ̀. N kò lè jẹ ẹ́.

24 Oṣù Kejìlá

38. Ẹnu: òfo. Dókítà àgbà kọjá, ó wo ìwé rẹ̀, ó ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n kò yí padà. Ó ní kí a fara balẹ̀, ihò inú ikùn kì í ṣe òpin ayé, àwọn ènìyàn ń gbé pẹ̀lú rẹ̀. Mo mọ̀. Kì í ṣe òun ló máa gbé pẹ̀lú rẹ̀.

29 Oṣù Kejìlá

Wọ́n dá wa sílẹ̀. Ó ti fọn, ìgbànú rẹ̀ ti wọ ihò méjì sí i. Dókítà Xing ní láti ọgbọ̀n gíráàmù la máa tún bẹ̀rẹ̀.

Màmá ò bá wa jókòó sídìí tábìlì mọ́. Mo gbé oúnjẹ lọ bá wọn ní yàrá. Wọ́n ní àwọn ti jẹ. Wọn ò jẹ.

1 Oṣù Kìíní

Ọdún tuntun tí gbogbo ayé ń ṣe; tiwa gan-an di oṣù kejì. Ọgbọ̀n.

3 Oṣù Kìíní

Mo tún ìwé yìí kà lóru àná. Mo débi ọjọ́ kẹrin oṣù kejìlá. Èmi náà ti da omi sí i lọ́fun, kò sì sẹ́ni tó pariwo mọ́ mi.

Ní òwúrọ̀, mo lọ kan ilẹ̀kùn Màmá. Mo ní, "Màmá, ẹ wọ aṣọ òtútù yín. A fẹ́ jáde."

"Níbo?"

"Ẹ sáà wọ̀ ọ́."

A kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Dókítà Xing. Kò bá wọn sọ̀rọ̀ bí ọmọdé. Ó di ọwọ́ Màmá mú, ó ní, "Màmá, ilẹ̀kùn kan wà lọ́fun wa tó máa ń tì tí oúnjẹ bá ń bọ̀. Ti ọmọ yín ń lọ́ra. Oúnjẹ tó ki máa ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́, ilẹ̀kùn á ti tì kó tó débẹ̀. Omi ń sáré. Omi á ti wọlé kó tó tì."

Màmá fọwọ́ kan ọ̀fun ara wọn. Wọ́n wá ní, "Nítorí náà, bí mo ṣe ń sẹ́ ẹ sí i..."

"Bẹ́ẹ̀ ni ó ń yára sí i, Màmá."

Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Mo ní, "Màmá, ẹ dákun, ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn." Wọ́n ní, "Òótọ́ lo sọ." Mo ní, "Kì í ṣe òótọ́." A dá ọ̀rọ̀ dúró síbẹ̀, nítorí Bàbá Linlin ń wò wá, kò sì sí èyí tó fẹ́ sunkún níwájú rẹ̀ nínú àwa méjèèjì.

Ní ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀gbọ́n Bi, Màmá wo bó ṣe ń po yànmọ̀tí, wọ́n ní kò dára.

"Báwo ni kò ṣe dára, Màmá? Ogún ọdún ni mo ti ń pò ó."

"O ń da omi sí i lẹ́ẹ̀kan. Bù ú díẹ̀díẹ̀. Gbé e wá." Wọ́n ká apá aṣọ, wọ́n rò ó bí ẹni ń po ìyẹ̀fun, ọgọ́ta ọdún ni wọ́n fi po ìyẹ̀fun. Wọ́n gbé ṣíbí sókè, wọ́n dà á dojú délẹ̀. Yànmọ̀tí náà dúró, kò kán.

Ẹ̀gbọ́n Bi ní, "Ẹ wá gbaṣẹ́ níbí o."

Àádọ́ta gíráàmù. Ikọ́: òfo.

8 Oṣù Kìíní

Ọgọ́jọ lọ́sàn-án, ọgọ́fà nírọ̀lẹ́. Màmá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan abọ́ yànmọ̀tí mọ́. Òtútù dé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n sísàlẹ̀ òdo, irun imú ẹni ń dì.

13 Oṣù Kìíní

Irínwó lóòjọ́. Ó fọ́ ẹja róbótó pẹ̀lú eyín ara rẹ̀. Rọ́bà: ẹ̀ẹ̀kan péré, nírọ̀lẹ́.

17 Oṣù Kìíní

Ọjọ́ burúkú.

Ó fẹ́ núdù fífẹ̀. Mo ní kò sí. Ó mú un sínú bésìn, mo yọ ọ́. Ó tún mú un. Ẹ̀gbọ́n Bi náà yọ ọ́. Ó bá fi ọwọ́ òsì gbá bésìn náà ṣubú, ẹyin àparò ń yí kiri lábẹ́ tábìlì àwọn ènìyàn.

"Ẹ lu ihò náà," ló wí. "Ẹ lù ú. Ó ti sú mi. Mo dà bí ọmọ ọwọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lù ú."

Kò tíì sọ ọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ láti oṣù mẹ́ta. Màmá bojú. Èmi ń ṣa ẹyin nílẹ̀, mo sì gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ̀rọ̀. "Tó bá sú yín, kò sú mi. Ṣé ẹ rò pé mo kúrò ní Leshan wá bá yín nínú òtútù yìí kí n lè máa da oúnjẹ sínú ihò? Ẹ lè bú mi. Ẹ lè da bésìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ ń jẹ nǹkan yìí tán lónìí."

Kò jẹ ẹ́. Ọgọ́rin gíráàmù láàárọ̀, òfo lọ́sàn-án. Mo tì í délé nínú yìnyín. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá.

18 Oṣù Kìíní

Mo bi Dókítà Xing nípa núdù. Ó ronú. Ó ní tí a bá sè é dé ìlọ́po méjì àkókò rẹ̀, tí a fi sísọ́ọ̀sì gé e wẹ́wẹ́ bí èékánná, tí yànmọ̀tí sì bò ó, kó gbìyànjú. Ó ní òun fúnra òun máa jókòó tì í.

Ó wá lẹ́yìn iṣẹ́, nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó fi jákẹ́ẹ̀tì bò ó. Ó sanwó abọ́ tirẹ̀, ó jẹ ẹ́ láìmọ ohun tó ń jẹ, nítorí ọ̀fun Bàbá Linlin ló ń wò. Ẹyọ kan. Àgbọ̀n mọ́ àyà. Ẹ̀ẹ̀mejì. "Áà."

Ohùn náà mọ́. Bàbá Linlin di ojú, ó ní, "Ó ti pẹ́." Bóyá núdù ló ń sọ, bóyá oṣù mẹ́ta tó kọjá. N kò bi í. Ó jẹ ọ̀ọ́dúnrún ó lé ogún jókòó ẹ̀ẹ̀kan.

22 Oṣù Kìíní

Ẹgbẹ̀ta ó lé márùn-ún. N kò ka ìdajì ẹyin tó bọ́ sílẹ̀.

23 Oṣù Kìíní

Ẹgbẹ̀ta ó lé ogún.

24 Oṣù Kìíní

Ẹgbẹ̀ta ó lé ogójì. Ikọ́: òfo. Ara: kò gbóná. Mo wọn ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ní kí n gbé tẹmómítà náà kúrò lójú òun.

27 Oṣù Kìíní

Wọ́n ní kó jẹ nǹkan funfun kan níwájú ẹ̀rọ tó ń wo inú ara, a sì ń rí i lójú ẹ̀rọ náà bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́fun rẹ̀, egungun ọrùn rẹ̀ ń hàn bí ìlẹ̀kẹ̀. Èyí tó ki: ó kọjá. Èyí tó le: ó kọjá, ó pẹ́ díẹ̀. Omi lásán: ó yà sápá ibi tí kò yẹ kó yà, gbogbo wa sì rí i.

Dókítà àgbà wo ìwé mi yìí fúnra rẹ̀, ó ń ṣí i láti ojú ewé kan dé èkejì. Ojú tì mí, nítorí gbogbo ohun tí mo kọ sí i. Ó dúró níbì kan, ó rẹ́rìn-ín, kò sọ ibi tó jẹ́. Ó ní omi gbọ́dọ̀ máa ki fún oṣù mẹ́ta sí i, bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní kò sí ìdí láti lu ihò. Ó ní kí nọ́ọ̀sì yọ rọ́bà náà.

Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ó gùn ju bí mo ṣe rò lọ, ó ń jáde, ó ń jáde. Bàbá Linlin sín lẹ́ẹ̀mẹta.

28 Oṣù Kìíní

Àmì pílásítà ṣì wà nímú rẹ̀, ó pupa. Màmá fi ìpara sí i.

6 Oṣù Kejì

A kò lọ sí ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí ìjì yìnyín. Ilé la ti ń jẹun, Màmá ló ń sè é. Lónìí òòrùn yọ, òtútù jẹ́ méjìlá péré sísàlẹ̀ òdo, Bàbá Linlin sì fi ọ̀pá rìn láti ibi tí táksí já wa sí dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn ènìyàn pọ̀ níbẹ̀, torí ọdún tuntun tiwa ti ń sún mọ́lé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti gba ìsinmi.

Ó mú bésìn fúnra rẹ̀. Èmi ń tẹ̀ lé e, mò ń gbé aṣọ òtútù rẹ̀. Ó mú ẹ̀jẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Ó mú wàrà sóyà, ẹja róbótó, ó kà á, mẹ́fà. Ó mú ẹyin, ànàmọ́, ẹ̀fọ́, ẹran lílọ̀. Ó mú núdù fífẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan, ó tún padà lọ mú un. Bésìn ga bí òkè. Nígbà tó gbé e lé òṣùwọ̀n, Ẹ̀gbọ́n Bi kà á jáde kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́.

"Ẹgbẹ̀rún kan ó lé ogójì!"

Mo ní, "Bàbá Linlin, ó tó! Kí lẹ fẹ́ fi gbogbo ìyẹn ṣe? Ẹ dá ìdajì padà, wọ̀bìà wo nìyí?"

Bí mo ti sọ ọ́ tán ni mo gbọ́ ohun tí mo sọ. Láti oṣù kẹwàá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu mi sí ọkùnrin yìí: ẹ jẹ ẹ́, ẹ dákun, ẹ gbìyànjú, ẹyọ kan sí i. Òun náà gbọ́ ọ. Ó yíjú sí mi, ètè rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ tán báyìí.

"Fi í sílẹ̀," ló wí. "Ebi ń pa mí."

Mo dúró sídìí òṣùwọ̀n, mo gbá aṣọ òtútù rẹ̀ mọ́ra, mo ń sunkún gbogbo ara níwájú àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ẹ̀gbọ́n Bi fi ìgbúnwọ́ tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní kí n kúrò lọ́nà, àwọn ènìyàn ń dúró láti wọn tiwọn.